Ta ni "wọ́n"? Gírámà wa àti àwọn agbábọ́ọ̀lù tí a gbàgbé

Nínú kíláàsì, nígbà tí a bá dé orí arọ́pò-orúkọ, irú àpẹẹrẹ kan náà la máa ń rí: "wọ́n jí i lówó", "wọ́n lù ú", "wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀". Olùkọ́ á sọ fún wa pé "wọ́n" yìí kò tọ́ka sí ẹnì kankan pàtó, pé ohun tí èdè Faransé ń fi "on" sọ, "wọ́n" ni Yorùbá fi ń sọ ọ́. A ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì kọjá síwájú. Lónìí, mo fẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ kí a gbé "wọ́n" yìí lọ síbi tí a ti ń lò ó bí ẹni ń mu omi, ìyẹn ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ ìtàn eré bọ́ọ̀lù tó ti kọjá.

Àwọn àpẹẹrẹ tí mo fi nọ́ńbà sí nínú àpilẹ̀kọ yìí, èmi ni mo hun wọ́n. Irú gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè sọ nídìí tẹlifíṣọ̀n ni. Ṣùgbọ́n àwọn eré tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹ wo méjì àkọ́kọ́:

(1) Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún Kanu, Kanu sì gbá a wọlé.

(2) Kanu ni ó gbá a wọlé.

Nínú (1), ènìyàn ni "wọ́n". Bọ́ọ̀lù kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn dé ọ̀dọ̀ Kanu. Ẹnì kan ló gbá a, nọ́ńbà wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé adájọ́ eré. Síbẹ̀, arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ la fi pè é, àfi bíi pé ọ̀wọ́ ènìyàn ló kóra jọ gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan. Nínú (2), "wọ́n" pàápàá ti lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nìyí: bí ìrántí eré kan ti ń kúrú sí i láti ọdún dé ọdún, kì í kàn kúrú bó ṣe wù ú. Ojú ọ̀nà tí gírámà ti là sílẹ̀ ló ń gbà. Ẹni tí ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn kò bá lágbára la kọ́kọ́ ń gbàgbé, ì báà jẹ́ pé iṣẹ́ tó ṣe lórí pápá lágbára ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ.

Kanu, Ikpeba, àti iṣẹ́ tí "ni" ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí eré kan tí àwọn Yorùbá níhà méjèèjì ààlà kò gbàgbé: Nàìjíríà àti Bràsíl nínú ìdíje bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1996, ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni. Nàìjíríà fi góòlù 4 sí 3 borí. Bí ẹ bá bi ènìyàn pé báwo ló ṣe lọ, irú (2) ni yóò fi dá yín lóhùn: Kanu ni. Òótọ́ sì ni. Nwankwo Kanu ló gbá góòlù tó sọ ọ́ di 3 sí 3 ní ìṣẹ́jú 90, òun náà ló tún gbá ti ìṣẹ́jú 94. Òfin ìgbà náà ni pé ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù nínú àfikún àkókò ti borí, eré parí lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ "ni". Ó ń fa ọ̀rọ̀ kan síwájú, ó ń tẹnu mọ́ ọn, ó sì ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn mìíràn tó lè wà ní ipò yẹn. "Kanu ni" túmọ̀ sí pé kì í ṣe Okocha, kì í ṣe Amokachi. Ìdáhùn tó péye ni sí ìbéèrè "Ta ni ó gbá a wọlé?" Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé eré bọ́ọ̀lù ní ju ìbéèrè kan yẹn lọ.

Nígbà tí abala kìíní eré náà parí, Bràsíl ti ní mẹ́ta, Nàìjíríà ní ẹyọ kan, Roberto Carlos ọmọ Bràsíl ló sì gbá ẹyọ kan náà sínú ilé ara rẹ̀. Ní abala kejì, Nàìjíríà rí pẹnáritì gbà. Okocha gbá a, Dida aṣọ́lé Bràsíl gbà á mú. Ẹlòmíràn ì bá ti pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ sùn. Ní ìṣẹ́jú 78, Victor Ikpeba gbá ọ̀kan wọlé, ó di 3 sí 2.

Góòlù yìí ló máa ń já bọ́ nígbà tí a bá ń ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A ó ka Kanu, a ó tún ka Kanu, a ó rántí pé ọmọ Bràsíl kan gbá bọ́ọ̀lù sílé ara rẹ̀ (ẹ̀rín wà nínú ìyẹn, ohun tó bá ní ẹ̀rín nínú kì í tètè sọnù), lẹ́yìn náà a ó dákẹ́, a ó máa wo òkè. Góòlù Ikpeba kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, kò sì parí nǹkan kan. Bràsíl ṣì wà níwájú lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò le: bí kò bá sí 3 sí 2 ní ìṣẹ́jú 78, góòlù tí Kanu gbá ní ìṣẹ́jú 90 kì bá ti ṣe ju kó dín ìtìjú kù lọ. Kì bá ti sí àfikún àkókò rárá, áńbọ̀sì ìṣẹ́jú 94.

Bí ti àṣekágbá náà ṣe rí nìyẹn, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ. Amunike ni, a mọ̀. Pé Babayaro àti Amokachi ti kọ́kọ́ bá Argẹntínà dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí Amunike tó gbá tirẹ̀, ẹnu kì í sáré sọ ọ́.

Ìṣe tó sín pọ̀ lábẹ́ olùwà kan

Ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń yangàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn onímọ̀ mìíràn ti fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn láti ìgbà pípẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe níbi ìtàn bọ́ọ̀lù:

(3) Maradona gbé bọ́ọ̀lù sáré kọjá gbogbo wọn lọ gbá wọlé.

Olùwà kan ṣoṣo. Ìṣe márùn-ún, mẹ́fà, ó kù sí bí ẹ bá ṣe ya "wọlé". Kò sí "sì", kò sí "àti", èémí kan la fi sọ ọ́. Góòlù kejì tí Maradona gbá sílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní pápá Azteca, ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1986 nìyẹn. Láti apá ilé tirẹ̀ ló ti gbé bọ́ọ̀lù, ó kọjá Beardsley àti Reid, ó kọjá Butcher àti Fenwick, ó tan Shilton aṣọ́lé jẹ. Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé torí gírámà Yorùbá ni wọ́n ṣe gbá góòlù yìí. Ẹnì kan ló ṣe gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan sì gbà á tán. Héctor Enrique ló gbá bọ́ọ̀lù náà fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, Enrique fúnra rẹ̀ sì ti fi ṣe àwàdà pé bọ́ọ̀lù tí òun gbá fún un ló ṣe iṣẹ́ náà. Bọ́ọ̀lù kúkúrú lásán ni. Kò dùn mí pé a fi "wọ́n" bò ó.

Èyí tó gba ìrònú ni góòlù àkọ́kọ́ ọjọ́ náà, èyí tí Maradona fi ọwọ́ tì wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú:

(4) Bọ́ọ̀lù fò sókè, Maradona fi ọwọ́ tì í wọlé.

Níbí, kò tilẹ̀ sí "wọ́n" mọ́. Bọ́ọ̀lù ti di olùwà, ó fò sókè fúnra rẹ̀ bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló gbá a sókè, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Steve Hodge na ẹsẹ̀ sí i níwájú ilé wọn, bọ́ọ̀lù sì yí padà sókè sọ́dọ̀ aṣọ́lé rẹ̀, ibẹ̀ ni Maradona ti bá a. Ọwọ́ gba gbogbo ìtàn, ẹsẹ̀ kò rí ààyè. Ọ̀nà mìíràn ni orúkọ Hodge gbà padà wá: òun àti Maradona pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn eré, nígbà tí wọ́n sì ta aṣọ náà ní gbàǹjo ní ọdún 2022, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn. Aṣọ tó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni a fi mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sẹ́yìn ní ọdún 16, ní pápá kan náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1970, Bràsíl fi 4 sí 1 na Ítálì nínú àṣekágbá Ife Àgbáyé. Góòlù kẹrin, ti ìṣẹ́jú 86, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní góòlù tí ẹgbẹ́ kan jọ gbá tó dára jù lọ. Carlos Alberto ni, àbí? Ẹ gbìyànjú láti fi asínpọ̀ sọ ọ́, kódà ní ìdajì:

(5) *Pelé gbá bọ́ọ̀lù sí Carlos Alberto gbá wọlé.

Ẹ mọ ohun tí ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ ń sọ. Gbólóhùn yìí kò ṣeé gbọ́ létí. Bí a bá tilẹ̀ fipá gbọ́ ọ, yóò dà bíi pé Pelé ló tún gbá a wọlé. Ẹnì kan lè bi mí pé "ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé" ńkọ́, ṣé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló wọlé níbẹ̀ ni, tí kì í ṣe ẹni tó gbá a? Bẹ́ẹ̀ ni. Àti "ó fún ọmọ ní iṣu jẹ" ńkọ́, níbi tí ọmọ ti ń jẹ ohun tí ẹlòmíràn fún un? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Yorùbá gbà kí àbọ̀ di ẹni tó ń ṣe ìṣe tó tẹ̀ lé e nínú irú àwọn gbólóhùn báwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan péré ló máa ń gbà. Tó bá di pé ènìyàn mẹ́fà fọwọ́ kan ọ̀rọ̀, okùn á já, a ó sì ní láti máa bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tuntun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan:

(6) Tostão gba bọ́ọ̀lù padà lọ́wọ́ wọn. Clodoaldo gé ènìyàn mẹ́rin. Ó gbá a sí Rivelino. Rivelino gbá a sí Jairzinho ní apá òsì. Jairzinho gbá a sí Pelé. Pelé rọra tì í sí apá ọ̀tún. Carlos Alberto sáré dé, ó gbá a wọlé.

Gbogbo àmì ìdánudúró tó wà nínú (6), ilẹ̀kùn ni. Ibẹ̀ ni ìrántí ti lè jáde. Ẹni tó bá ń kánjú á wọlé láti ẹnu ọ̀nà tó kẹ́yìn, yóò ní: Pelé tì í, Carlos Alberto gbá a wọlé. Tostão, tó jẹ́ ẹni iwájú tó sì sáré padà wá gba bọ́ọ̀lù ní apá ilé tiwọn nígbà tí wọ́n ti fi 3 sí 1 ṣáájú, ó ti wọ inú "wọ́n". Clodoaldo náà ti wọ̀ ọ́. Clodoaldo yìí wú mi lórí ju gbogbo wọn lọ. Ní abala kìíní eré náà, òun ló fi gìgísẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kan láìwo ẹ̀yìn, tí Boninsegna fi rí ojú góòlù kan ṣoṣo tí Ítálì gbá lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àṣekágbá ì bá máa gbá bọ́ọ̀lù dànù ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án. Ó dúró, ó gé ènìyàn mẹ́rin ní ààrin pápá.

Ohun kan tún wà tí (6) pàápàá kò sọ. Apá ọ̀tún ni Jairzinho ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ náà ó ṣí lọ sí apá òsì, Facchetti tó ń ṣọ́ ọ sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí apá ọ̀tún fi ṣófo tí Carlos Alberto fi rí ọ̀nà tó gbòòrò tó yẹn. Báwo la ṣe máa sọ ọ́? Kò sí bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń ṣí lọ. A lè sọ pé "ó fa Facchetti kúrò lọ́nà", gbólóhùn náà sì tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ké "góòlù!" sí i. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù láìfi ẹsẹ̀ kàn án, gírámà wa ní ọ̀rọ̀ fún un, ìtàn wa ni kò ní àyè fún un.

Nígbà tí orúkọ bá kù tí ìṣe bá sọnù

Kì í ṣe ẹni tí "wọ́n" bò nìkan la gbàgbé. Nígbà mìíràn, orúkọ ènìyàn á wà lẹ́nu gbogbo ayé, ìṣe rẹ̀ gan-an ni yóò sọnù. Mwepu Ilunga ni àpẹẹrẹ èyí.

Ní ọdún 1974, Zaire gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì, ó sì jẹ́ orílẹ̀-èdè àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó lọ sí Ife Àgbáyé. Ní Jámánì, Skọ́tílándì fi 2 sí 0 borí wọn, Yugosláfíà sì na wọ́n ní 9 sí 0 ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bá Bràsíl gbá a ní Gelsenkirchen. Nígbà tí eré fẹ́ parí, adájọ́ eré fún Bràsíl ní bọ́ọ̀lù ìdádúró nítòsí ilé Zaire. Bràsíl kò tíì gbá a tí Mwepu fi já kúrò nínú ògiri àwọn ènìyàn rẹ̀, tó sì gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà réré. Wọ́n fi káàdì yẹ́lò hàn án. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi fíìmù rẹ̀ ṣe ẹ̀rín kárí ayé:

(7) Ará Áfíríkà yẹn kò mọ òfin bọ́ọ̀lù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú (7). Kì í ṣe "gbá", kì í ṣe "sá jáde". "Mọ̀" ni, a sì ti kọ̀ ọ́ pẹ̀lú "kò". Ohun tí ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ṣe ti kúrò níbẹ̀, ohun tí wọ́n rò pé kò sí nínú orí rẹ̀ ló gba ipò rẹ̀. Olùwà pàápàá ti yí padà: "Ará Áfíríkà yẹn". Mwepu ti sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun mọ òfin dáadáa, pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọn kò san owó tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ìhàlẹ̀ ìjọba Mobutu sì wà lọ́rùn wọn lẹ́yìn góòlù mẹ́sàn-án yẹn. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ti gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù mélòó kan ṣáájú kò ní ṣàìmọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Eré náà parí sí 3 sí 0, iye tí Bràsíl nílò gẹ́lẹ́ láti kọjá Skọ́tílándì. Mwepu kú ní ọdún 2015, irú (7) sì ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Ti Asamoah Gyan fara pẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2010, ní Johannesburg, Gánà àti Uruguay wà ní 1 sí 1, àfikún àkókò sì ti fẹ́ parí. Appiah gbá bọ́ọ̀lù kan, Suárez dí i lójú ilé gan-an. Adiyiah fi orí kàn án padà, Suárez fi ọwọ́ gbá a dànù. Wọ́n lé Suárez jáde, Gyan gbá pẹnáritì náà, ó ba igi òkè. Ìrántí dúró síbẹ̀: "Gyan sọ ọ́ nù." Ṣùgbọ́n eré kò parí síbẹ̀. Wọ́n lọ gbá pẹnáritì láti mọ ẹni tó borí, ta ló sì jáde ṣáájú fún Gánà? Gyan kan náà ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó ba igi. Ó gbá a wọlé. Àwọn méjì mìíràn ló pàdánù tiwọn, Gánà sì fìdí rẹmi ní 4 sí 2. Bí mo bá ní kí n yan ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn rántí nípa alẹ́ ọjọ́ náà, ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì tí Gyan rìn lọ sídìí bọ́ọ̀lù ni. Gbólóhùn rẹ̀ kò nira rárá: "Gyan padà lọ gbá a." Asínpọ̀ gidi ni. Èmi kì í sábà gbọ́ ọ.

Ọpẹ́lọpẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi èdè wa sùn. Gbogbo èdè ló ní ibi tó ń kó àwọn tí a gbàgbé sí. Èdè Yorùbá sì ní irinṣẹ́ kan tí mo rò pé ó dára ju "ni" lọ fún ìtàn bọ́ọ̀lù, a kàn ń lò ó díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ni "ọpẹ́lọpẹ́".

(8) Ọpẹ́lọpẹ́ Ikpeba, Kanu ì bá gbá a lásán.

Ẹ wo bí (8) ṣe rí. "Ọpẹ́lọpẹ́" gbé ẹni tí kò parí iṣẹ́ síwájú gbólóhùn, níbi tí "ni" ti máa ń gbé ẹni tó parí rẹ̀ sí. "Ì bá" wá sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ká ní ẹni yẹn kò sí. Gbólóhùn yìí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ pé kó ṣe ìṣirò. Kò lè sọ ọ́ láìmọ bí eré ṣe lọ. Ìdí nìyẹn, lójú tèmi, tí a fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tó jókòó wo eré látìbẹ̀rẹ̀ dópin ju ẹnu àwọn tó wo góòlù nìkan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi dán ilé wò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2019, ní Cairo, Bẹ̀nẹ̀ lé Mòrókò kúrò nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. (Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣì ń pe ẹgbẹ́ wa nígbà náà. Ọdún 2022 ni wọ́n pa orúkọ Écureuils tì, tí wọ́n mú Guépards.) Kí la rántí? Ziyech ba òpó. Nígbà tí ìṣẹ́jú 90 ti kọjá, tí wọ́n wà ní 1 sí 1, Mòrókò rí pẹnáritì, Hakim Ziyech gbá a mọ́ òpó, gbogbo ìlú hó. Ohun tí a rántí jù nínú ìṣẹ́gun wa, ohun tí ẹlòmíràn kò rí ṣe ni. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ á rántí Moïse Adilehou tó gbá góòlù wa, àti Mama Séïbou tó gbá pẹnáritì tó parí ọ̀rọ̀, 4 sí 1. Wọ́n lé Khaled Adénon jáde nínú àfikún àkókò, àwọn mẹ́wàá tó kù sì di ilé mú títí ó fi parí. ("Wọ́n" ti gbólóhùn yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Adájọ́ eré nìkan ló lè lé ènìyàn jáde, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n.)

Ṣùgbọ́n báwo la ṣe dé iwájú Mòrókò pàápàá? Títí di ìgbà náà, Bẹ̀nẹ̀ kò tíì borí nínú eré kankan ní ìdíje yẹn láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ lọ ní 2004. Ní 2019 náà, ọ̀mì mẹ́ta la ta ní ìpele ìsọ̀rí: 2 sí 2 pẹ̀lú Gánà, 0 sí 0 pẹ̀lú Gínì-Bìsáù, 0 sí 0 pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Àmì 3 ni gbogbo rẹ̀. Ipò kẹta la wà, mẹ́rin péré nínú àwọn mẹ́fà tó ṣe ipò kẹta ló sì máa kọjá. Kẹ́ńyà náà ní àmì 3, kò kọjá, nítorí góòlù tí wọ́n gbá sílé rẹ̀ pọ̀ jù. Àǹgólà ní 2, kò kọjá.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí eré Gánà, ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, ní Ismailia. Mickaël Poté gbá góòlù wọlé fún wa ní ìṣẹ́jú kejì. Ìyẹn ni àwọn ènìyàn rántí, nítorí ó yá jù. Gánà dá a padà, wọ́n tún fi ọ̀kan kún un: 2 sí 1. Wọ́n lé John Boye ti Gánà jáde ní abala kejì. Ní ìṣẹ́jú 63, Poté tún gbá ọ̀kan wọlé, ó di 2 sí 2. Ẹ yọ góòlù kejì yẹn kúrò, kí ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ wò. Àmì 2 ni à bá ní. Kẹ́ńyà ni ì bá kọjá. Kì bá sí Mòrókò, kì bá sí òpó Ziyech, Séïbou kì bá ti gbá pẹnáritì kankan, a kì bá sì ti dé ọ̀dọ̀ Sẹ̀nẹ̀gà tó fi 1 sí 0 lé wa padà wálé.

(9) Ọpẹ́lọpẹ́ Poté, à bá ti wà nílé nígbà tí Ziyech ń gbá pẹnáritì rẹ̀ sílé ẹlòmíràn.

Ó gùn. Kò dùn ún kọ lórin tó "Ziyech ba òpó". Ṣùgbọ́n òun ni ìtàn tó péye, gírámà wa sì gbé e láìjáfara.

Iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́

Kí olúkúlùkù mú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, kó tọ ẹnì kan lọ tó wo eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì ní kó sọ bó ṣe lọ, láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka iye "wọ́n" tí kò tọ́ka sí ẹnì kankan pàtó, iye "ni", àti iye "ọpẹ́lọpẹ́", bí ó bá wà. Kí àwọn tó ti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka-èdè tiwọn ṣe sọ ọ́, kí wọ́n má ṣe tún un ṣe sí Yorùbá ìwé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀ka-èdè náà ló ń lo arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ fún ẹni tí a kò dárúkọ. Kí àwọn ará Atakpamé tó ń sọ Ifẹ̀ bá wa dá sí i. Àwọn tó gbọ́ Fọ̀n náà wúlò púpọ̀ níbí, nítorí Fọ̀n ní asínpọ̀ tirẹ̀, a sì lè fi méjèèjì wéra.

Nígbà tí ẹni náà bá sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ wá bi í léèrè, fún "wọ́n" kọ̀ọ̀kan: ta ni? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí góòlù Poté ti ìṣẹ́jú 63 yẹn. Ẹ bi í pé ta ló gbá bọ́ọ̀lù fún un.